Fẹ́lóṣíìpù Tí Kì Í Ṣe Ti Alẹ́ Ọjọ́rú

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú kẹ̀kẹ́ tàbí dánfó, kó rọra fi fóònù pamọ́, kó délé kó tó kà á. Ẹ kúkú mọ bí Boundary ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tó kọjá, a kéde pé kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ka ìmọ̀ ọrọ̀ ajé dúró lẹ́yìn ìsìn, pé a fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa fẹ́lóṣíìpù. Ìyá kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Dádì, ṣé wọ́n ti sún un kúrò ní Ọjọ́rú ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò jẹ̀bi. Nínú irú ìjọ tiwa, fẹ́lóṣíìpù ni kí ará mẹ́wàá péjọ sí pálọ̀ ẹnìkan, kí wọ́n ka Bíbélì, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n mu nǹkan tútù díẹ̀, kí oníkálukú wá gba ilé ẹ̀ lọ.

Èyí tí à ń sọ yìí, owó ló wà níbẹ̀. Yunifásítì kan, tàbí báńkì ńlá kan, tàbí àjọ kan ló máa gbé owó kalẹ̀ fún ọ̀dọ́ tó ti kàwé, pé kó jókòó fún oṣù mélòó kan tàbí ọdún mélòó kan, kó gbájú mọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo, kó wádìí rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n á san owó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á fún un ní owó ilé àti owó oúnjẹ, wọ́n á fi í sábẹ́ àgbà kan nínú iṣẹ́ náà tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó bá parí, ohun tó rí ni yóò kọ sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á. Ó jọ bí a ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀, àfi pé níbí, ọ̀gá ló ń fún ọmọṣẹ́ lówó.

Àwọn kan á ní kí ló kan pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé. Ó kàn wá dáadáa. Àwa la máa ń gbàdúrà lórí ọjà tí kò tà. Àwa ni wọ́n máa ń pè tí onílé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá rí wa fún ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń gbé wá. A ti bá ìdílé sìnkú ẹni tó jẹ́ pé owó oògùn ni kò sí. Bẹ́ẹ̀, nínú ìjọ kan náà yìí, a ní àwọn ọmọ tó lọ kọ́ ní yunifásítì bí owó ṣe ń rìn, ìdí tó fi ń wọ́n, àti ìdí tó fi ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tí kì í dé ọwọ́ ẹlòmíì. Ọ̀kan nínú wọn ń bá àwọn aṣojú akẹ́rùwọlé sáré ìwé ní Wharf Road. Ọ̀kan ń ṣe POS. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ABD. A ò fojú kéré iṣẹ́ kankan, iṣẹ́ kò mọ iṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a wà ná. Ìdí tí wọ́n fi ń pe ibí ní Boundary ni pé ibí ni Àpápá parí sí, tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Lápá kan, èbúté tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà Nàìjíríà ń gbà wọlé, ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun, ọgbà epo, àti GRA tí àwọn òyìnbó gbé rí. Lápá kejì, ilé tí yàrá mẹ́wàá ti ń lo balùwẹ̀ kan. Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wa la kún inú rẹ̀. Tírélà ń gbé ẹrù olówó iyebíye kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa ní gbogbo ọjọ́ Ọlọ́run, ohun tó ń já sílẹ̀ fún wa níbẹ̀ ò ju èéfín lọ.

Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Àpápá wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí o. Ọjà kan náà là ń ná, òjò kan náà ló ń pa wá, ṣùgbọ́n òfin wà lápá ọ̀tún, kò sí lápá òsì. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí owó ọkọ̀? Àwọn ọlọ́kadà tó sá kúrò ní Àpápá, ibo ni wọ́n gbà lọ, àbí àwọn ló wá ń bá ti ọ̀dọ̀ wa du èrò? Ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì níbi tí ọ̀kadà máa ń tò sí, ta ló kù tó ń rà á? Jàǹbá ọ̀nà ńkọ́, ṣé ó dín kù lápá ibi tí òfin wà ju apá kejì lọ? Àtẹnu-sọ la fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kórìíra ọ̀kadà á ní ó dín kù, ẹni tó ń gùn ún á ní irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó dúró kà á.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn kan ṣe kà á níbòmíì. Ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹrin 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey fi kún owó tó kéré jù tí agbanisíṣẹ́ lè san, láti dọ́là 4.25 sí 5.05 fún wákàtí kan. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tó múlé tì í kò fi kún un. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Alan Krueger, bá lọ ń ka iye òṣìṣẹ́ tó wà ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta bọ́gà, lápá ìhín àti lápá ọ̀hún, kí owó tó lọ sókè àti lẹ́yìn tó lọ sókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń sọ látọjọ́ pípẹ́ ni pé bí owó iṣẹ́ bá gòkè báyìí, ọ̀gá á lé òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1994, ariwo rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ pátápátá dòní, ṣùgbọ́n ní 2021 wọ́n fún Card ní ẹ̀bùn Nobel. Krueger ti kú ní 2019.

Ẹ tún un wò. Ìlà tó wà láàárín ìpínlẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Boundary! Tiwa ń bẹ níbí látọjọ́ aláyé ti dáyé, a kàn ń fi í júwe ọ̀nà fún oníkẹ̀kẹ́ ni.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ń wádìí wa o. Ní 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wá sí Ilé-Ifẹ̀, ó wà níbẹ̀ wọ 1938, ó ń kọ́ nípa ìgbé ayé wa. Ní 1952 ó tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí èsúsú: bí wọ́n ṣe ń dá a, bí wọ́n ṣe ń kó o, ẹni tó ń ṣe olórí rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí èsúsú ní yunifásítì, ó ṣòro kó má dárúkọ Bascom. Ìyá Alájọ tó ń yí ọjà Boundary po láràárọ̀, tó mọ gbèsè gbogbo ìsọ̀ lórí, tí kì í ṣi owó ẹnìkankan kà, ìwé wo lorúkọ tiẹ̀ wà? Lẹ́yìn náà ni Keith Hart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àdúgbò Nima ní Accra láàárín ọdún 1960 sí 1970. Nima àti Ajégúnlẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1973 wà lára ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé máa pe iṣẹ́ àwọn ìyá wa ní informal sector. Òyìnbó ló sọ wá lórúkọ, a kò tilẹ̀ sí níbi ìkómọ.

A ò bínú sí àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Nima, tó bá wọn jẹ, tó bá wọn mu, tó kọ ohun tó rí, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ẹnìkan ló san owó kí wọ́n tó lè jókòó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa wo àwùjọ ẹlòmíì fún odidi ọdún. Kò sẹ́ni tó ń fi ebi ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọmọ Ìyá Alájọ náà nílò ẹni tó máa san tiẹ̀.

Tí ẹ bá rò pé ọmọ tálákà ò lè débẹ̀, ẹ gbọ́ ti Arthur Lewis. Erékùṣù St Lucia ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ opó ló tọ́ ọmọkùnrin márùn-ún. Ó jáde níléèwé lọ́mọ ọdún 14, ó lọ ń ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba títí ọjọ́ orí rẹ̀ fi tó láti ṣe ìdánwò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe. Àmọ́ ó mọ̀ pé kò sí ìjọba amúnisìn tàbí olóko ìrèké tó máa gba ẹnjiníà aláwọ̀ dúdú síṣẹ́, ló bá kúkú lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ló ti bá ọrọ̀ ajé pàdé. Ní 1957 sí 1958, òun ni olùdámọ̀ràn Nkrumah lórí ọrọ̀ ajé ní Ghana. Ní 1979 ó gba Nobel, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á lórí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ọmọ opó! Ẹ̀yin opó tó wà nínú ìjọ, tí ẹ ń ta ẹja ní ọjà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ kàwé sí i.

Ẹni tiwa náà wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Aboyadé, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, kàwé ní Hull àti ní Cambridge, ó padà wálé, ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó lọ́wọ́ nínú ètò ìdàgbàsókè Nàìjíríà ti 1970 sí 1974, ó sì ṣe olórí yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1977, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ yóò fi máa pín owó, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ náà. Kó tó di àsìkò tirẹ̀, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, Wolfgang Stolper, ló ṣáájú àwọn tó to ètò 1962 sí 1968 fún wa. Nígbà tó padà sílé, ó kọ ìwé kan ní 1966, ó pè é ní Planning Without Facts. Ètò tí a ṣe láìní òkodoro lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ tó fún ìwé, ẹ wò ó bóyá a ti yàtọ̀. Nínú ìkànìyàn 2006, àjọ tó kà wá ní àwa ará Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní rárá o, a lé ní mílíọ̀nù 17. Ìlú odidi mílíọ̀nù mẹ́jọ ló sọnù sáàárín èsì méjèèjì, látìgbà náà a ò sì tíì ka ara wa mọ́. (Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Dáfídì dá wa lóhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kíka èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, Mósè náà ka èèyàn.) Iye ọmọ tó nílò ìjókòó níléèwé, iye bẹ́ẹ̀dì tó yẹ kó wà ní ọsibítù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń fojú dá.

Wàyí o, ibi tó ń dùn wá gan-an nìyí.

Báńkì Àgbáyé ní fẹ́lóṣíìpù kan tí wọ́n fi sọrí Robert McNamara, ẹni tó jẹ́ ààrẹ báńkì náà láti 1968 sí 1981. Wọ́n máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè lọ sí Washington fún oṣù mẹ́jọ, kí wọ́n bá àwọn àgbà olùwádìí ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ohun rere ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ nínú ètò tí wọ́n ń gbé jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kò lè du ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọmọ Boundary. Ó ṣe WAEC, ìṣirò ò wọlé, ó tún un ṣe. Ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ yunifásítì lọ́mọ ogún ọdún. Ọdún mẹ́rin ni kó lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹta 2020, kòrónà bá a níbẹ̀, wọn ò sì pa ìyanṣẹ́lódì yẹn tì títí di ìparí ọdún. Ó tún di ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. A ò bá ASUU jà, àwọn náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn, a sì mọ olùkọ́ tó ń ta ọjà kó tó lè jẹun lásìkò náà. Oṣù mẹ́tàdínlógún la ń wí, nínú ayé ọmọ kan náà. Ó jáde lọ́mọ ọdún 26. Ó dúró de NYSC, ó sìn ín tán, ó di 28. Owó Master's ò sí nílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá títí ó fi rówó jọ. Ọjọ́ tó wọ kíláàsì Master's, ọgbọ̀n pé. Ọmọ òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ ti gba Master's ní bíi 23. Wọ́n kàn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì dà bí ẹni pé òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì.

A mọ ohun tí àwọn kan ń rò lọ́kàn báyìí. Àdúgbò bọ́ọ̀lù la wà, Ajégúnlẹ̀ tó bí Samson Siasia àti Taribo West, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Ẹ má dán an wò. Kì í ṣe torí pé wọ́n lè mú yín nìkan. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ ṣe, iṣẹ́ kíka nǹkan bó ṣe rí ni. Ẹni tó ti yí iye ọdún ara rẹ̀ padà, báwo la ṣe fẹ́ gba iye tó bá kó wá láti ọjà gbọ́?

Àwọn tó ń fúnni lówó ló yẹ kó yí ọwọ́ padà. Ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn olùwádìí Yúróòpù lówó, ọdún tí èèyàn gba PhD ni wọ́n fi ń ka tiwọn, wọn kì í wo ọjọ́ orí, wọ́n sì ń fi àkókò kún un fún obìnrin tó bímọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lè ka oṣù ìkúnlẹ̀ abiyamọ, wọ́n lè ka oṣù ìyanṣẹ́lódì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ tí ọmọ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ yọ oṣù tí wọ́n ti yunifásítì pa kúrò. Ìṣirò kékeré nìyẹn fún àwọn tó ń ṣírò owó gbogbo ayé.

Ìwé ẹ̀rí alára ńkọ́? Ọmọ ìjọ wa kan san owó kí yunifásítì rẹ̀ fi transcript rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tó ń du. A ò ní dárúkọ yunifásítì náà. Oṣù kan, kò lọ. Ó wọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń mójú tó o lọ ìsinmi. Ó padà lọ, wọ́n ní kò sí iná. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́, ibi tó ń du ti tì láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ yìí gba First Class o. Kò sí àǹjọ̀nú kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí a fẹ́ lé jáde. Akọ̀wé kan ni, àti fáìlì kan, lórí tábìlì kan.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn wa kì í fi í balẹ̀ nígbà tí a bá rí pátákó alẹ́ àdúrà fíísà lẹ́bàá títì. A gbà pé Ọlọ́run ń ṣí ilẹ̀kùn, ohun tí à ń wàásù nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba owó irúgbìn lọ́wọ́ ọmọ tí owó transcript ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú, tí wọ́n ní kí ọmọ san owó kí wọ́n tó "tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀". Fẹ́lóṣíìpù gidi ló ń fún èèyàn lówó. Èyí tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ rán owó sí àkáǹtì ẹnìkan, ẹ sá.

Washington nìkan kọ́ ni ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́. Láti 1988 ni àjọ kan ti wà ní Nairobi, AERC lorúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àti títì lẹ́yìn àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Áfíríkà, lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2002 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò PhD tí àwọn yunifásítì Áfíríkà jọ ń ṣe, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ọmọ lè gbé Ìbàdàn kàwé, kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíì ní Nairobi fún àwọn kọ́ọ̀sì kan, kó padà sílé láìfi fíísà Amẹ́ríkà ṣàdúrà. Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu PhD lè du ti UNU-WIDER, tí wọ́n máa ń gbani sí Helsinki ní Finland fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò tíì ní nǹkan kan, MIT ní kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa òṣì àti ìdàgbàsókè, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba Nobel 2019, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Ẹ lè fi fóònù wò ó. Dátà tí ẹ fi ń wo skit, díẹ̀ nínú ẹ̀ tó o.

Àwọn àgbà ìjọ kan sọ fún wa pé, "Pásítọ̀, ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ. Tí wọ́n bá lọ, wọn ò ní padà." Wọn ò parọ́. Japa ti kó ìdajì akọrin wa, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti wà ní Canada. A ò lè ṣèlérí fún ìyá kankan pé ọmọ rẹ̀ á padà.

Àmọ́ ẹ rántí Dáníẹ́lì. Fẹ́lóṣíìpù ọdún mẹ́ta gan-an ni ọba Bábílónì fún un, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta: oúnjẹ ọba, olùkọ́, èdè àti ìwé àwọn ará Kálídéà. Dáníẹ́lì kò kọ fẹ́lóṣíìpù, oúnjẹ ló kọ̀. Kò padà sí Jerúsálẹ́mù láéláé, síbẹ̀ ojú fèrèsé ilé rẹ̀ kọjú síbẹ̀. Ẹni tó bá gbé Washington, tó fi ń ka iye tí ọlọ́jà Boundary ń san fún alábàárù, fèrèsé tiẹ̀ kọjú síbí. Ẹni tó bá sì gbé Ikoyi, tí kò mọ ibi tí Ajégúnlẹ̀ wà, ṣé òun la máa sọ pé kò lọ?

Ti Jósẹ́fù ló ń já wa láyà jù. Gbogbo wa la máa ń wàásù bó ṣe kó ìdá márùn-ún ọkà pamọ́ ní ọdún ọ̀pọ̀, tí kò jẹ́ kí ebi pa Íjíbítì kú. Apá tó kẹ́yìn rẹ̀, a kì í sábà kà á lórí pẹpẹ. Nígbà tí ìyàn mú gan-an, àwọn èèyàn kó owó wọn wá ra ọkà. Owó tán, wọ́n kó ẹran ọ̀sìn. Ẹran tán, wọ́n ta ilẹ̀, wọ́n ta ara wọn fún Fáráò. Jósẹ́fù gba ẹ̀mí wọn là, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Fáráò ló gbà á síṣẹ́, Fáráò ló sì ni ilẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ẹni tó bá ń san owó ìwádìí, ìbéèrè tiẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bi. Láti 1963 ni àjọ ODI ní Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé wá ṣiṣẹ́ nínú ilé ìjọba àwọn ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn olówó tiwa, tó jẹ́ pé èbúté yìí ni ọrọ̀ wọn gbà wọlé, mélòó nínú wọn ló ti sọ pé kí ọ̀dọ́ kan gba owó oṣù ọdún méjì, kó lọ wádìí ìdí tí kọ̀ǹténà fi ń pẹ́ ní Àpápá, àti ẹni tó ń jẹ èrè ìdúró náà? Wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn fún ìjọ, a sì ń dúpẹ́. Wọ́n ń ra ọkọ̀ fún pásítọ̀. Owó ọkọ̀ kan á tọ́jú olùwádìí mélòó kan fún ọdún gbọọrọ.

Ohun tí ìjọ wa fẹ́ ṣe kéré, a ò pè é ní ńlá. Láti oṣù tó ń bọ̀, yàrá tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì á máa ṣí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láti aago mẹ́rin títí di aago méje ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ á wà, íntánẹ́ẹ̀tì á wà. Nínú owó ìkórè, a ti ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún transcript, fún ìwé ìrìnnà, àti fún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń bi ọmọ Nàìjíríà tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kékeré. (Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíì nìyẹn.) Ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Sẹ́lẹ́, ọmọ tí kò lọ sí ibì kankan, ẹ máa bọ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí yín dání, ẹ má mú ọrẹ wá. Ìbéèrè ọ̀kadà yẹn ni a fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Méjì á dúró lápá Àpápá, méjì lápá Ajégúnlẹ̀, wọ́n á máa béèrè owó ọkọ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ohun tó lè fi kún fọ́ọ̀mù ju àdúrà lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, ẹ̀yin bọ̀dá ọlọ́kadà àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, tí ẹ bá rí ọmọ kan tó mú bírò àti ìwé dání, tó ń bi yín ní iye tí ẹ pa lánàá, ẹ má lé e. Kì í ṣe ará ìjọba ìbílẹ̀, kì í ṣe agbowó orí, kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ iye tó jẹ́ gan-an fún un.